Ọjọ́ tó wà lára físà kọ́ ni ọjọ́ ìpadàbọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àlàyé gígùn tí ẹ kọ fún àwọn tó fẹ́ lọ gba ìsinmi nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ sọ̀rọ̀ etíkun, ẹ sọ̀rọ̀ ilé ìtura, ẹ tilẹ̀ kọ́ wa bí a ṣe ń di ẹrù tí kò fi ní wúwo jù. Nígbà tó kan ẹnu ibodè, gbólóhùn kan péré lẹ sọ: kí kálukú gba físà, kó sì rí i pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ibẹ̀ ló ti dùn mí, torí ọjọ́ físà tèmi kò tíì kọjá rárá lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Físà Schengen ni mo gbà, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí èèyàn lè fi wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Oṣù kan gbáko ni wọ́n kọ sára rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé òpin. Àmọ́ àyè kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ 15 sí, èyí tó túmọ̀ sí pé nínú gbogbo oṣù yẹn, ọjọ́ 15 péré ni mo lè lò lọ́hùn-ún. Mo rí i, mo sì rò pé mo gbọ́n. Bàlúù mi balẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 4, aago mọ́kànlá ti kọjá. Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ fi padà jẹ́ ọjọ́ 19. Mo yọ 4 kúrò nínú 19, ó ku 15, mo bá sùn fọnfọn. N kò mọ̀ pé wọ́n ń ka ọjọ́ tí èèyàn wọlé, wọ́n sì ń ka ọjọ́ tó jáde, ì báà ṣe pé ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọjọ́ náà parí. Ọjọ́ 16 ni mo lò. Èmi tí mo mọ̀ pé bí a bá dá ọrún, òní wà nínú kíkà! Òṣìṣẹ́ ibodè tó yẹ ìwé mi wò nígbà tí mo ń padà fi ìka kà á lójú mi lẹ́ẹ̀mejì, ó bá mi wí, ó ní kí n máa lọ. Ó lè bu owó ìtanràn lé mi, wọ́n sì lè dínà mọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ padà wá fún ìgbà pípẹ́.

Láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà rọ́pò òǹtẹ̀ ní àwọn ibodè wọ̀nyẹn. Àwòrán ojú àti ìtẹ̀ka ni wọ́n ń gbà, ẹ̀rọ ló sì ń ka ọjọ́. Ẹ̀rọ kì í ṣàánú.

Ẹni tí kò tilẹ̀ nílò físà kò bọ́ nínú ìṣírò yìí. Ọjọ́ 90 ni àpapọ̀ nínú ọjọ́ 180, fún orílẹ̀-èdè Schengen 29 pọ̀, kì í ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀pọ̀ rò pé bí àwọn bá ti sáré jáde, tí àwọn sì tún wọlé, kíkà bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Irọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wo ẹ̀yìn títí dé ọjọ́ 180, kí wọ́n lè mọ iye ọjọ́ tí èèyàn ti lò nínú rẹ̀. Ẹni tó lo 60, tó lọ sílé fún oṣù kan, 30 péré ló kù fún un tó bá padà dé. Kí ẹni tí físà rẹ̀ jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì má fi ti Ireland há ààrin ìrìn àjò náà. Òótọ́ ni pé Ireland wà nínú EU, ìyẹn Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ṣùgbọ́n kò sí nínú Schengen. Ẹni tó bá yà síbẹ̀ ti jáde nìyẹn, físà náà kò sì ní mú un padà wọlé mọ́.

Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀. Ọjọ́ ara físà wọn jẹ́ ọjọ́ tí èèyàn lè fi dé ẹnu ọ̀nà mọ. Òṣìṣẹ́ ibodè ló máa sọ ọjọ́ tí àlejò gbọ́dọ̀ kúrò, inú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-94 ló sì máa wà. Ẹni tó bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo kọjá rẹ̀, físà yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Tó bá lé ní 180 ọjọ́ kó tó kúrò, ọdún mẹ́ta ni kò fi ní lè padà wọlé. Tó bá pé ọdún kan, ọdún mẹ́wàá. Ti Gẹ̀ẹ́sì náà, físà àbẹ̀wò ọlọ́dún mẹ́wàá kò sọ ju pé èèyàn lè máa wá. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń gbà láyè lẹ́ẹ̀kan.

N kò ní kí ẹ di agbẹjọ́rò. Nígbà míì tí ẹ bá tún kọ irú àlàyé yẹn, ẹ dín ọ̀rọ̀ etíkun kù ní ìpínrọ̀ kan, kí ẹ sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá àyè kékeré yẹn lára físà wọn kí wọ́n tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tó lo ọjọ́ 16