Eré kúkúrú ló ń tú èdè Sípáníìṣì síni lẹ́nu

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kàn há "hablo, hablas, habla" (mo sọ, o sọ, ó sọ) sórí kò tó rárá. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà: mo sọ, wọ́n sọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ń sọ "yo habla" ("yo" ni "èmi") dípò "hablo".

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ kọ eré onílà 8, ọlọ́jà àti oníbàárà: "¿Qué quieres?" (Kí lo fẹ́?) "Quiero pan." (Mo fẹ́ búrẹ́dì.) Lẹ́yìn náà, kí oníbàárà di méjì: "Queremos pan." (A fẹ́ búrẹ́dì.) Ẹ wo bí "ie" ṣe di "e", torí ìtẹnumọ́ ohùn ti kúrò níbẹ̀! Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣì í, wọ́n á ní "quieremos".

Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló wá rajà, "¿Qué quiere usted?" (Kí lẹ fẹ́?) ni. "Usted" dà bí "ẹ" wa, àmọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ti "ó" ("quiere") ló ń bá rìn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pààrọ̀ ipò, kí wọ́n tún un ṣe láìwòwé.

Àwa olùkọ́ èdè, Ìbàdàn