Ẹni tó gbà wọ́n gbọ́ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Mo rí lẹ́tà ẹ gbà, mo kà á tán mo tún kà á, inú mi sì dùn gan-an pé ikọ́ yẹn ti fi ẹ́ sílẹ̀, ó ti pẹ́ jù lára ẹ. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Iṣẹ́ ilé ò kúkú tán, bí mo bá fọ aṣọ tán òmíì ti délẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti ga jù mí lọ báyìí, àbúrò ẹ̀ náà ń bọ̀ lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu ẹ̀ bí o ṣe mọ̀ ọ́n.

Ohun tó o sọ níparí lẹ́tà ẹ ni mo fẹ́ fèsì sí. O ní kí ló kàn wá nínú ìwàkíwà àwọn èèyàn ńlá, pé tọkọtaya ló mọ ohun tó wà láàárín ara wọn, pé ká tọ́jú ilé tiwa. Mo gbà fún ẹ dé ìdajì. Àwọn tó máa ń jókòó ti fóònù látàárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n ń fi ẹkún ìyàwó oníyàwó ṣe ìran wò, èmi náà ò nífẹ̀ẹ́ sí i rárá, ìwà ìkà ni. Àmọ́ ìdajì tó kù yẹn, jẹ́ ká jọ sọ ọ́, torí pé ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa níbí tó jẹ́ kí n máa wo ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yẹn lọ́nà míì.

Láptọ́ọ̀pù táwọn ọmọ fi ń ṣiṣẹ́ àmúrelé ló fọ́. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá a lórí tábìlì, wọ́n pa á dé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìgbà tí mo ṣí i, ojú ẹ̀ ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti igun kan dé ìkejì. Mo bi ẹ̀gbọ́n, ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Kí n tó tún la ẹnu, àbúrò ẹ̀ ti dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé bàdí, ó ní "Mọ́mì, ẹ má bínú sí Bọ̀dá mi o, kì í ṣe àwọn, wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án lónìí." Bẹ́ẹ̀ ní ti ẹ̀, kò rí nǹkan kan, ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ fún un ló gbà gbọ́ tó wá ń fi gbogbo ara jà fún un. Dádì wọn ní ká fi sílẹ̀ ná, pé bó pẹ́ bó yá òótọ́ á jáde. Kò sì pẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin náà wá bá mi níbi tí mo ti ń ká aṣọ, kò wò mí lójú, ó ní òun ni, pé ó já bọ́ lọ́wọ́ òun, ẹ̀rù ló ba òun. Mo bá a wí, a sọ ohun tó máa ṣe láti fi dí i, ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù tán nìyẹn lójú tèmi.

Ìgbà tí àbúrò gbọ́ ni wàhálà wá bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìbejì, ọmọ yẹn sunkún! Ẹni tó fọ́ nǹkan gan-an ò sunkún tó bẹ́ẹ̀. Mo lọ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, mo rò pé ó ń sunkún torí pé a ò ní láptọ́ọ̀pù mọ́ ni, ó ní rárá, ó ní "Wọ́n jẹ́ kí n purọ́ fún yín, mi ò sì mọ̀ pé irọ́ ni." Ohun tó ń sọ ṣáá nìyẹn títí oorun fi gbé e lọ.

Ẹni tó wá sí mi lọ́kàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Lance Armstrong, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó ń gun kẹ̀kẹ́ yẹn. O rántí bí gbogbo ayé ṣe fẹ́ràn ẹ̀, àìsàn jẹjẹrẹ ṣe é, ó bọ́ nínú ẹ̀, ó wá gba ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní Tour de France lẹ́ẹ̀meje tẹ̀ léra, láti 1999 títí dé 2005. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bi í bóyá ó ń lo oògùn tí òfin eré ìdárayá kà léèwọ̀, ńṣe ló máa ń fi ìbínú dáhùn, ó tiẹ̀ tún máa ń gbé àwọn èèyàn lọ sí kóòtù. Emma O'Reilly, obìnrin tó máa ń fọwọ́ wọ́ àwọn agun-kẹ̀kẹ́ lára nínú ẹgbẹ́ Armstrong, sọ ohun tó fojú ara ẹ̀ rí, Armstrong sọ ọ́ lórúkọ burúkú níta gbangba, òótọ́ pọ́ńbélé sì lobìnrin yẹn ń sọ. Lọ́dún 2012 wọ́n gba oyè méjèèje lọ́wọ́ ẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 2013 ó jókòó síwájú Oprah Winfrey lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun lò ó.

Mo ti wo fídíò yẹn tipẹ́, àmọ́ ibì kan wà níbẹ̀ tí mi ò kà sí nígbà yẹn. Ó sọ̀rọ̀ oyè, ó sọ̀rọ̀ owó tó lọ, ohùn ẹ̀ ò yẹ̀. Ìgbà tó dórí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní òun rí i bí ọmọ yẹn ṣe ń gbèjà òun lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, tó ń sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń sọ nípa bàbá òun kì í ṣòótọ́, ìgbà yẹn lòun mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ sọ fún un, òun wá ní kó má gbèjà òun mọ́. Mo tún un wò, mo sì ń gbọ́ ohùn ọmọ tèmi lábẹ́ ẹ̀. Ọmọ kan dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ó fi orúkọ ara ẹ̀ dúró fún bàbá ẹ̀, bàbá yẹn sì mọ̀ pé irọ́ lòun gbé lé e lórí. Èyí ló dùn mí ju ti oògùn lọ, mo sì fẹ́ kó o mọ̀ pé mo rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé ó kàn wá. Ti Bill Clinton tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ohun tó ṣe pẹ̀lú Monica Lewinsky, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìjọba, tó bá wù ẹ́ kó o ní ọ̀rọ̀ ilé wọn ni, mi ò ní bá ẹ jiyàn púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀ tí ọmọbìnrin yẹn sì kéré sí i jìnnà. Àmọ́ ní oṣù kìíní ọdún 1998 ó na ìka síwájú kámẹ́rà, ó ní kò sóhun tó jọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì ni ìyàwó ẹ̀ lọ sórí tẹlifíṣọ̀n lọ gbèjà ẹ̀. Àwọn mínísítà ẹ̀ náà ti jáde síwájú àwọn oníròyìn ṣáájú ìgbà yẹn, Madeleine Albright, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, wà níbẹ̀, ó ní òun gbà pé irọ́ ni ẹ̀sùn yẹn. Gbogbo wọn, àgbàlagbà tó níyì láyè ara wọn, ló wá rí i ní oṣù kẹjọ pé irọ́ làwọn lọ tà fáráyé. Ọjọ́ kejì tó jẹ́wọ́, wọ́n ń rìn lọ síbi tí hẹlikọ́pítà wà, Chelsea ọmọ wọn wà láàárín, ó di bàbá ẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó di ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Ọmọ ọdún méjìdínlógún! Òun ló wá ń so wọ́n pọ̀. Mi ò lè wo fọ́tò yẹn pẹ́.

Ti Boris Johnson tó jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn náà ńkọ́? Wọ́n ṣe pátì ní ọ́fíìsì ìjọba lásìkò tí wọ́n sọ fún aráàlú pé kí wọ́n má lọ sọ́dọ̀ ara wọn nítorí Kòrónà, àwọn èèyàn ò sì lè dé ẹ̀gbẹ́ ìyá wọn tó ń kú lọ. Fídíò kan jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2021, Allegra Stratton tó jẹ́ agbẹnusọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀, tó ń fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín, lọ́jọ́ kejì obìnrin yẹn dúró síwájú ilé ẹ̀ tó ń sunkún tó ń tọrọ àforíjì tó sì fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ ńkọ́? Ọlọ́pàá ní láti bu owó ìtanràn lé e ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sì ṣì jókòó sórí àga, oṣù keje ló tó sọ pé òun máa lọ. Mi ò sọ pé obìnrin yẹn ò jẹ̀bi, ó jẹ̀bi. Mo kàn ń wo ẹni tó kọ́kọ́ sanwó ni.

Ohun tó tún máa ń bí mi nínú ni bí wọ́n ṣe máa ń fa ìyàwó jáde. Eliot Spitzer, gómìnà New York, nígbà tí àṣírí ẹ̀ tú lọ́dún 2008, ìyàwó ẹ̀ ló dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń bẹ aráàlú. Tá a bá fẹ́ tọrọ àforíjì, a ò lè dá dúró ni? Kí ni obìnrin yẹn ṣe?

Àmọ́ mi ò fẹ́ kó o rò pé ìbínú nìkan ni mo ní. Ẹnì kan wà nínú wọn tí mo máa ń rántí sí rere, John Profumo, ará Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti pẹ́. Mínísítà ọ̀rọ̀ ogun ni, ó dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù kẹta ọdún 1963, ó ní kò sí nǹkan tí ò tọ́ láàárín òun àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Christine Keeler, olórí ìjọba wọn, Macmillan, sì jókòó tì í nígbà tó ń sọ ọ́, ó gbà á gbọ́. Nígbà tí kò rọ́nà gbé e gbà mọ́, ìyàwó ẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún, Valerie Hobson tó jẹ́ òṣèré fíìmù, wọ́n lọ sinmi ní Venice nígbà yẹn. Wọ́n jọ padà sílé, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà. Wá wo ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Kò lọ sórí tẹlifíṣọ̀n lọ máa ṣàlàyé ara ẹ̀. Ó lọ sí Toynbee Hall níbi tí wọ́n ti ń ran àwọn tálákà lọ́wọ́ ní ìlà oòrùn London, ó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀, kò gbowó, ọdún ń gorí ọdún ó ṣì ń lọ, títí ó fi di arúgbó. Ọbabìnrin fún un lóyè lọ́dún 1975 nítorí iṣẹ́ yẹn, ìyàwó ẹ̀ sì wà pẹ̀lú ẹ̀ títí obìnrin yẹn fi kú lọ́dún 1998. Mi ò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ nínú yàrá wọn, ìyẹn gan-an ló kúkú tẹ́ mi lọ́rùn, wọ́n fi ohun tó jẹ́ ti ilé sílé, ó sì fọwọ́ ara ẹ̀ san ohun tó jẹ́ ti ìta.

Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí ni pé èmi àti Dádì wọn ò fohùn ṣọ̀kan. Ó ní ọmọ yẹn ti jẹ́wọ́, ó ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ àwa òbí ẹ̀, ó parí, kí n má fi ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọ̀daràn. Mo ní kò tíì parí, pé àwa kọ́ ló jẹ ní gbèsè jù. Ọmọ tó fi ọwọ́ lé bàdí jà fún un ńkọ́? Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mi ò pariwo, mo ní kó lọ bá àbúrò ẹ̀ fúnra ẹ̀, láìsí Mọ́mì láìsí Dádì níbẹ̀. Ó ní "Kí ni mo fẹ́ sọ?" Mo ní kó lọ wá a. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn pẹ́ gan-an, mo rí i láti kíṣìnnì, ó ń fi èékánná họ ara ilẹ̀kùn, kó tó wọlé. Mi ò mọ ohun tó sọ, mi ò sì bi wọ́n. Wọ́n ti ń bá ara wọn ṣeré padà, àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé nígbà tí ọmọkùnrin náà bá sọ nǹkan báyìí, àbúrò ẹ̀ á kọ́kọ́ wò ó ná, ìgbà kan rí kì í wò ó.

Ìwọ lo tọ́ ọmọ méjì tí wọ́n jọ wáyé lọ́jọ́ kan náà, o mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá parọ́ fún èkejì, ṣé o máa ń dá sí i, àbí o máa ń fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n yanjú ẹ̀? Àti pé báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kí wọ́n tó tún máa gba ara wọn gbọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀? Jọ̀ọ́ má fi fèsì falẹ̀, bó bá tiẹ̀ ṣe ìlà mẹ́ta péré ni. Bá mi kí bàbá wọn, kí o bá mi kí àwọn ìbejì méjèèjì, sọ fún wọn pé mo rí fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́, ó wà lára ògiri wa báyìí.

Èmi ni tìẹ,
Ọ̀rẹ́ ẹ