Ẹ Má Fi Ẹ̀ṣẹ̀ Colorado Fìyà Jẹ Aláìsàn

Sí Olóòtú Àgbà,

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan láti Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ, ẹni tó sọ pé gbogbo ohun tó bá ti bá igbó tan, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n gbìn tàbí èyí tí wọ́n pò ní ilé ìwádìí, májèlé ni, kí ìjọba sì fòfin de gbogbo rẹ̀ láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ìbẹ̀rù rẹ̀ yé mi. Apòògùn ni mí ní Ṣágámù, mo sì mọ ohun tí Colorado, ewé gbígbẹ tí wọ́n fín kẹ́míkà tó ń ṣe bí igbó sí lára, ń fojú àwọn ọ̀dọ́ wa rí. Ṣùgbọ́n n kò lè bá a dé ibi tó parí ọ̀rọ̀ sí, nítorí pé orí aláìsàn tí kò mu igbó rí ni ìyà rẹ̀ yóò já lé.

Oògùn gidi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1964 ni Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni, ní Ísírẹ́lì, ya THC sọ́tọ̀, èròjà inú igbó tó ń pa ènìyàn bí ọtí. Nígbà tó di 1985, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èròjà àtọwọ́dá méjì fún àwọn tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, tí èébì ń gbé ṣáá, tí àwọn oògùn èébì yòókù kò sì ràn. Ọ̀kan ni dronabinol, tí í ṣe THC gan-an tí wọ́n pò ní ilé ìwádìí. Èkejì ni nabilone, tí kò sí nínú ewé kankan. Ní 1992, wọ́n tún gba dronabinol láyè fún àwọn tó ní àrùn éèdì tí wọ́n ń rù nítorí pé oúnjẹ kò wù wọ́n jẹ mọ́. Kápúsù kékeré ni, òróró yànmọ̀tí ni wọ́n fi po oògùn inú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì hàn gbangba: mílígíráàmù 2.5, 5 tàbí 10.

Ẹ wá wo Colorado. Bàbá kan mú ọ̀rá pẹlẹbẹ kan tó bá nínú àpò ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ewé gbígbẹ rírún ló wà nínú rẹ̀, ó ń rùn bíi tínnà ọ̀dà, kò sí orúkọ, kò sí ìwọ̀n. Ó ní, “Dókítà, kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?” N kò lè dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó tà á fún ọmọ náà kò lè dáhùn. Ńṣe ni wọ́n ń po kẹ́míkà mọ́ nǹkan olómi bíi acetone, tí wọ́n ń fín in sí ewé lára. Ibì kan lè gba díẹ̀, kí ibòmíràn gba èyí tó lè pa ènìyàn. JWH-018, ọ̀kan nínú irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀, láti ọwọ́ John W. Huffman ti Yunifásítì Clemson ní Amẹ́ríkà ló ti jáde, ẹni tó ń wádìí bí ọpọlọ ṣe ń gba irú èròjà yìí, tí kò sì ṣe é fún mímu. Ní 2008 ni wọ́n bá a nínú ọ̀rá “Spice”, irú ewé bíi Colorado tí wọ́n ń tà ní Jámánì.

Ibì kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní CB1, ibẹ̀ ni THC ń lẹ̀ mọ́. Bí ẹni ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀ ni THC ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. JWH-018 ń ṣí i tán pátápátá. Ìdí nìyí tí gìrì fi ń mú àwọn tó ń mu ún, tí kíndìnrín àwọn mìíràn ń bàjẹ́, tí orí ẹlòmíràn sì ń dàrú. Ní ìpínlẹ̀ Illinois ní 2018, oògùn eku ni wọ́n bá nínú èyí tí àwọn kan mu. Ó ju 150 ènìyàn lọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn, àwọn mìíràn sì kú.

N kò sọ pé nabilone kò ní àbùkù. Ó ń kọ́ni lóòyì, ó ń múni sùn, ó sì lè mú kí ènìyàn máa rí ohun tí kò sí. Ondansetron, oògùn èébì mìíràn, ni à ń kọ́kọ́ lò, ó sì ń tó ọ̀pọ̀ aláìsàn. Kódà, oògùn kan tó ń jẹ́ rimonabant, tó ń dí CB1 láti mú kí ẹni tó sanra jù rù, tí Yúróòpù fọwọ́ sí ní 2006, wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ ní 2008 nítorí ìbànújẹ́ ọkàn tó ń fà. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ ló tètè rí i. Ta ló ń ṣọ́ Colorado?

Mọ́fíìnì tó ń pa ìrora àti heroin tí àwọn ènìyàn ń lò nílòkulò, ẹbí kan náà ni wọ́n, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ní kí a kó mọ́fíìnì kúrò ní ilé ìwòsàn nítorí heroin. Kọ́bọ́ọ̀dù títì ni a ń kó o sí, a ń kọ èyí tí a lò àti èyí tó kù sínú ìwé, a sì ń fọwọ́ sí i. Irú ètò yẹn gan-an ni mo ń bẹ NAFDAC àti Ilé-iṣẹ́ Ìlera pé kí wọ́n gbé yẹ̀ wò fún nabilone ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ, kí àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó ń lọ gba ìtọ́jú ní Ìbàdàn àti Èkó lè rí i lò nígbà tí àwọn oògùn yòókù bá kùnà. Ní ti àwọn tó ń ta Colorado ní ibùdókọ̀, kí NDLEA má ṣe dẹwọ́ rárá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Apòògùn kan, Ṣágámù.