Kíjìpá ọmọ mi kì í ṣe ẹgbẹ́ ìgbálẹ̀

Olóòtú wa, ọ̀kún o, ẹ kú iṣẹ́.

Mo ka ohun tí ẹnìkan kọ ránṣẹ́ sí yín pé ká yéé pe gbogbo nǹkan tí mẹ̀kúnnù ń ṣe ní iṣẹ́ ọnà, pé iṣẹ́ ọnà gidi yàtọ̀. Ó dùn mí gan-an, torí ọ̀rọ̀ yẹn ti bá mi délé rí. Lọ́dún tó kọjá ọmọ mi obìnrin hun kíjìpá, aṣọ òwú líle tí àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ hun, fún ìpàtẹ ilé ìwé ẹ̀, ìyá mi ló kọ́ ọ, bó bá ti dé láti ilé ìwé ìdí òfì tí wọ́n gbé ti ògiri ló ń lọ, òwú funfun àti òwú aláró ló fi hun ún, etí aṣọ yẹn gún bíi pé rúlà ni wọ́n fi fà á. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ ìpàtẹ, àwòrán òdòdó tí ẹnìkan wò kọ lára kàlẹ́ńdà ló wà lára ògiri, kíjìpá ọmọ mi wà lórí tábìlì láàárín ìgbálẹ̀ àti ọṣẹ. Tíṣà ní, "Mọ́mì, iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn, kì í ṣe áàtì." Ọmọ náà kò fọwọ́ kan òfì mọ́ fún oṣù méjì.

Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí níbí la wà o! Ògìdì, ní Ìjùmú yìí náà, ni wọ́n ti bí Mama Nike Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà aṣọ, lọ́dún 1951, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìdílé ẹ̀ ló ti kọ́ aṣọ híhun, kò lọ yunifásítì kó tó mọ̀ ọ́n. Twins Seven-Seven tó ń ya àwòrán náà, ọmọ Ògìdì, ijó ló ń jó fún ẹni tó ń ta oògùn káàkiri kó tó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn Ulli Beier, òyìnbó tó ṣètò ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ ọnà, ní Òṣogbo lọ́dún 1964, nígbà tó di 2005 UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi oyè dá a lọ́lá. Ṣé ọwọ́ tó ń jó nídìí oògùn yẹn kọ́ ló ya àwòrán ni? Aṣọ ipò àwọn ará Bùnú ńkọ́, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn àgbà, ó ti wà ní mùsíọ̀mù Lọ́ńdọ̀nù báyìí, ẹni tó hun ún kò mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń lọ. Orin fújì pàápàá, inú wéré, orin tí wọ́n fi ń jí àwọn Mùsùlùmí sáàrì nígbà ààwẹ̀, ló ti jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, olóòtú, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa iṣẹ́ ọnà, ẹ rán oníròyìn yín wá sí Ìyàrà. Ọmọ mi ti padà sídìí òfì, aṣọ kan wà lórí ẹ̀ báyìí tí kò tíì dé ìdajì.

Ìyá ọlọ́mọ kan,
Ìyàrà, Ìjùmú