Lẹ́tà sí Àjàní nípa ohun tí àbúrò rẹ̀ ń béèrè

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọ̀yọ́.

Àjàní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, mo sì kí yín kú òtútù Kánádà. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní àbúrò rẹ ní kí o ra ọkọ̀ fún òun, pé ẹ̀tọ́ òun ni, àti pé nígbà tí o bi í léèrè ohun tí ó ti dáwọ́ lé láti ìgbà tí ó ti parí ẹ̀kọ́, ó pa fóònù mọ́ ọ lẹ́nu. O wá fẹ́ kí n sọ fún ọ bóyá lóòótọ́ ni o jẹ ẹ́ ní gbèsè.

O jẹ ẹ́ ní gbèsè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kọ́.

Rántí ilẹ̀ bàbá yín tó wà ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Nígbà tí físà rẹ jáde, ilẹ̀ náà ni ẹbí tà, owó rẹ̀ ni a sì fi ra tíkẹ́ẹ̀tì tí o bá lọ. Ìbáà ṣe ìdí-igi, tí à ń pín in fún ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, ni a fi pín ogún bàbá yín, ìbáà sì ṣe orí-ò-jorí, tí à ń pín in fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìyá kan náà ló bí ẹ̀yin méjèèjì, kò sí bí a ṣe lè pín in tí kò ní kan ọmọ náà. Ọmọdé ni nígbà náà, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè. Wádìí iye tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ lónìí, kí o san ìpín tirẹ̀ fún un níwájú olórí ẹbí, má sì ṣe pè é ní àánú. Tí ó bá gba owó náà tán tí ó fi ra ọkọ̀, má ṣe bá a wí, nítorí pé owó rẹ̀ ni ó ná.

Ohun tó kù ni kò yé e. Ó wá bá mi ní ìdí òfì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jókòó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó yẹ kí ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní òkè òkun máa jìyà ni?” Bí ó ti ń sọ ọ́, ọmọ-iṣẹ́ mi kékeré ń ká òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òwú náà já, ọmọ náà so ó, ó tún já, ó tún so ó, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Òun náà fẹ́ ní òfì tirẹ̀ lọ́jọ́ kan. (Àwọn òbí ìwòyí ṣòro díẹ̀: ọmọ kò tíì mọ òwú ká tí wọ́n ti ń bi mí ní ọjọ́ tí yóò gba fíríìdọ̀mù.) Mo retí pé kí àbúrò rẹ wo ọmọ náà, ṣùgbọ́n fóònù ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń wò.

Ó tún wí pé àrẹ̀mọ kì í tọrọ ohun tí í ṣe ti ilé bàbá rẹ̀. Mo bi í pé, àrẹ̀mọ wo? Fún ìgbà pípẹ́ ní Ọ̀yọ́ Ilé, bí Aláàfin bá wàjà, àrẹ̀mọ a máa bá a kú ni. Aláàfin Àtìbà ni ó yí àṣà náà padà kí Adélù ọmọ rẹ̀ lè jọba, nígbà tí Àtìbà sì wàjà ní 1859, Ààrẹ Kúrunmí ní Ìjàyè kọ̀, kò gba Adélù ní ọba. Ogun tó ti ibẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ni ó pa Ìjàyè run ní 1862, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ni wọ́n sì jà á jù. N kò sọ pé Kúrunmí jàre. Ohun tí mo ń sọ fún un ni pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ni a fi gbe ẹ̀tọ́ Adélù lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òógùn rẹ ni òun fẹ́ fi gbe tirẹ̀. Kò dá mi lóhùn.

Síbẹ̀ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ó ti kọ ìwé ìwáṣẹ́ títí, iṣẹ́ kò sí, àwọn tó sì ń ṣiṣẹ́ tí owó wọn kò tó oúnjẹ pọ̀ ní ìlú yìí ju bí o ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ó mọ ọkọ̀ wà dáadáa, ọ̀gá kan ní gáréèjì sì ti gbà láti fún un ní ọkọ̀ tí yóò máa wà, tí yóò máa san owó fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi di tirẹ̀. Ó ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá ìwé tí òun kà mu. Bí ó bá gbà á, tí o bá gbọ́ pé ó ń san owó náà déédéé, ìgbà náà ni kí o fi tìrẹ kún un, kí o sì fi tinútinú ṣe é.

Kọ̀wé sí olórí ẹbí nípa owó ilẹ̀ náà kí Iléyá tó dé, nítorí pé gbogbo ẹbí yóò wà nílé. Màmá kò tíì gbọ́ sí i, mo sì rò pé ẹnu rẹ ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá nílò ẹlẹ́rìí, èmi wà níbí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àlàó