Lẹ́tà sí Àkànní: Kí O Tó Gbé Iná Onídẹ Yẹn Kọ́ Àjà

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì rí àwòrán iná onídẹ tí o fi há a láàárín. Ó rẹwà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ ló yàn án, nítorí mo mọ irú ohun tí ìwọ máa ń rà bó bá jẹ́ ìwọ nìkan ló lọ sọ́jà. Ẹ kú oríire ilé tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé náà ti dàgbà ju èmi àtìwọ lọ.

O ní kí n ṣáà sọ wáyà tí o máa so mọ́ èwo fún ọ, pé iṣẹ́ náà kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Àkànní, mi ò ní sọ ọ́ báyẹn. Gbólóhùn kan tí o kọ ló dá mi dúró. O ní iná ti ń tàn níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, kò sì sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ló wà níbẹ̀? Ọmọrí rọ́bà kan lára àjà, wáyà tó rọ̀ wálẹ̀ láti inú rẹ̀, àti ilé gílóòbù onírọ́bà nísàlẹ̀. Kò sí irin kankan níbẹ̀ tí ọwọ́ èèyàn lè kàn. Bí wáyà inú rẹ̀ bá tiẹ̀ bó, ara rọ́bà ló máa fi kàn, rọ́bà kì í sì í gbé iná. Rọ́bà yẹn ló ń ṣọ́ gbogbo àwọn tó ti gbé ilé náà rí, kì í ṣe pé wáyà ibẹ̀ dára. Òun gan-an ni o wá fẹ́ yọ dànù, kí o fi idẹ rọ́pò rẹ̀.

Wo bí ọ̀ràn náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ihò tí wáyà ń gbà wọ inú iná onírin máa ń ní etí mímú. Bí o ṣe ń tì í mọ́ àjà, tí o ń ká àwọn wáyà kí wọ́n lè fara pamọ́, etí yẹn lè ha èèpo wáyà láìjẹ́ pé o rí i. Tàbí kí ooru gílóòbù máa gbẹ èèpo náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi sán. Lọ́jọ́ kan, bàbà inú wáyà live, ìyẹn èyí tó ń gbé iná wá, á fara kan idẹ. Kò ní dún, kò ní rú èéfín, gílóòbù á ṣì máa tàn bó ṣe ń tàn tẹ́lẹ̀. Ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ara iná náà ti ní iná, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀, àfìgbà tí ẹnìkan bá gun àkàbà onírin, tó fẹ́ nu eruku, tó fi ọwọ́ tútù dì í mú.

Má sọ fún mi pé fíùsì á já. Fíùsì kò mọ èèyàn yàtọ̀ sí gílóòbù. Níbi tí iná bá ti jẹ́ 230 volt, iná tó máa gba ara èèyàn kọjá lè jẹ́ ìdá kan tàbí méjì nínú mẹ́wàá amp. Ó tó láti da ọkàn rú kí ó sì pa èèyàn. Fíùsì iná àjà sì máa ń jẹ́ 5 amp tàbí 6 amp. Kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ibí ni wáyà earth, ìyẹn èyí tó ń so irin mọ́ ilẹ̀, ti wúlò. Bí wọ́n bá ti so ó mọ́ idẹ náà dáadáa, tó sì dé ìdí ibi tó yẹ kó dé, iná tó bá ṣi ọ̀nà sára idẹ á gba ibẹ̀ lọ ní wàràwàrà bí omi ṣe ń gba gọ́tà. Iná tó máa rọ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà á pọ̀ débi pé fíùsì á já lójú ẹsẹ̀. Yàrá á ṣókùnkùn, o ó bínú, o ó wá ẹni tó máa tún un ṣe. Èmi yan ìbínú yẹn fún ọ.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni kò ní wáyà earth lókè àjà rárá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1966 ni òfin wáyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí earth wà lára wáyà iná àjà. Ṣáájú ìgbà náà, wáyà méjì péré, live àti neutral tó ń dá iná padà, ni wọ́n sábà máa ń fà débẹ̀, nítorí kò sí irin tí wọ́n fẹ́ dáàbò bò. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ya ọ̀lẹ. Wọ́n ṣe é fún irú iná tí wọ́n ń lò.

Nítorí náà, kí o tó san owó iná onídẹ yẹn, ṣí ojú àjà wò. Má gbẹ́kẹ̀ lé súwíìṣì ara ògiri. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, wáyà live máa ń kọ́kọ́ gba inú ọmọrí àjà kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí súwíìṣì, nítorí náà iná wà lókè yálà o pa á tàbí o tàn án. Lọ sídìí bọ́ọ̀dù, yọ fíùsì iná àjà, kí o sì fi í sí àpò rẹ, kí ẹlòmíràn má baà fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ jù ọ́ lọ kó lọ fi í padà. Bó bá jẹ́ breaker ni, ìyẹn súwíìṣì tó ń ṣe iṣẹ́ fíùsì, pa á, kí o sì lẹ ìwé mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti kú lóòótọ́. Tẹ́sítà kékeré tó rí bí sukudiráìfà, tí gílóòbù rẹ̀ máa ń pọ́n, má fi ẹ̀mí rẹ sí i lọ́wọ́. Ó lè pa irọ́, pàápàá nígbà tí o bá dúró lórí àkàbà onígi tàbí tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bá pọ̀. Wá èyí tó ní ẹnu méjì. Kọ́kọ́ fi kan ibi tí o mọ̀ dájú pé iná wà, kí o rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Fi kan wáyà àjà. Kí o tún padà lọ fi kan ibi àkọ́kọ́. Tó o bá rò pé ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn ti pọ̀ jù, ronú nípa tẹ́sítà tó kú sí ọ lọ́wọ́ láàárín méjì.

Bí o bá wá yọ ọmọrí náà, wo inú rẹ̀ fínnífínní kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. O lè bá wáyà oríṣi mẹ́ta tó wọ ibẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Ya àwòrán rẹ̀, nítorí bí o bá ti tú u tán, ọgbọ́n rẹ nìkan kò ní mú un padà. Earth lè jẹ́ bàbà tí kò ní èèpo rárá, tàbí kó ní èèpo aláwọ̀ ewé, tàbí ewé pẹ̀lú yẹ́lò. Nígbà míràn wọ́n á ti ká a sẹ́yìn tàbí kí wọ́n gé e kù kúkurú. Kí o rí i kò túmọ̀ sí pé ó dé ìdí bọ́ọ̀dù o. Oníṣẹ́ iná ló máa fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n.

Má sì jẹ́ kí àwọ̀ tàn ọ́. Ní àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pupa ni live, dúdú ni neutral. Àwọn tuntun, búráùn ni live, búlúù ni neutral. Ní Amẹ́ríkà, dúdú ni live, funfun ni neutral. Dúdú kan náà tó jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́ níbì kan ló ń pa èèyàn níbòmíràn. Kódà nínú ilé kan ṣoṣo, wáyà dúdú tó ń ti súwíìṣì bọ̀ á di live nígbà tí o bá tan iná. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ á fi tépù pupa sàmì sí i. Àwọn tí kò sàmì pọ̀.

Èèpo wáyà ni mo fẹ́ kí o wò jù lọ. Àwọn wáyà ayé ọjọ́un, rọ́bà gidi tí wọ́n ń fà lára igi ni wọ́n fi bò wọ́n, ìgbà tó yá ni PVC, ìyẹn rọ́bà àtọwọ́dá, gba ipò rẹ̀. Rọ́bà yẹn máa ń gbẹ, pàápàá níbi tó súnmọ́ gílóòbù. Bí o bá rọra tẹ̀ ẹ́, tó ń rún wẹ́wẹ́ sí ọ lọ́wọ́, tí bàbà sì ń yọjú, dá ọmọrí náà padà síbi tó wà, kí o sọ̀ kalẹ̀. Má fi tépù dí i. Ibi tí o rí ni o fi tépù dí, òkè àjà tí o ò rí ńkọ́? Wáyà tuntun ló kàn, kò sí ọ̀nà àbùjá. Kódà bí kò bá rún, jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi ẹ̀rọ tó ń ti 500 volt wọ inú wáyà yẹ èèpo rẹ̀ wò. Bí ohun tó bá kà kò bá tó 1 megohm, ìyẹn òṣùwọ̀n bí èèpo ṣe ń dí iná lọ́nà tó, wáyà náà ti ń jò.

Bí o kò bá rí earth, ṣùgbọ́n tí èèpo wáyà ṣì dára, ọ̀nà ṣì wà. Wá iná tó ní àmì Class II, ìyẹn igun mẹ́rin kékeré nínú igun mẹ́rin ńlá. Wọ́n ti fi ìdáàbòbò méjì bo wáyà inú rẹ̀, kò sì béèrè earth. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó dà bí idẹ lójú, tó sì ní àmì náà. Fi àwòrán wọn han ìyàwó rẹ kí o tó sọ pé kò gbà. Bó bá jẹ́ èyí tó yàn ló kù tó fẹ́ dandan, kí oníṣẹ́ iná fa wáyà earth láti bọ́ọ̀dù dé àjà.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí o so wáyà earth iná náà mọ́ neutral, pé ibì kan náà ni wọ́n ń lọ. Lé wọn jáde. Bí neutral bá já níbì kan, iná á gba inú gílóòbù kọjá bọ́ sára idẹ, o ti fi ọwọ́ ara rẹ so ó mọ́ live. Àwọn míràn á ní kí o so ó mọ́ páìpù omi. Páìpù lè ti di rọ́bà lábẹ́ ilẹ̀ láìjẹ́ pé o mọ̀, ẹni tó ń fọ ọwọ́ nídìí ẹ̀rọ omi sì ni iná máa gbé. Àwọn tó burú jù ni àwọn tó máa ní kí o gé wáyà aláwọ̀ ewé náà dànù.

RCD, ẹ̀rọ tó ń gé iná bó bá ń jò, dára, mo sì fẹ́ kí o ní in ní bọ́ọ̀dù. Ó ń fi iná tó jáde wé èyí tó padà. Bí ìyàtọ̀ wọn bá tó 30 milliamp, ìyẹn ìdá ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún amp, kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan tó máa fi gé iná. Àmọ́ níbi tí kò sí earth, ara èèyàn ni iná máa gbà kó tó mọ̀ pé nǹkan bà jẹ́. Á gbé ọ ná, kó tó gé.

Kékeré tó kù: gílóòbù LED ni kí o lò, nítorí bíi 9 watt rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ 60 watt àtijọ́, ooru tó ń dà sí wáyà arúgbó lára sì kéré. Kí ìdè iná náà wọ igi àjà gidi, kí wáyà má ru ẹrù idẹ.

Ya àwòrán inú ọmọrí àjà náà fún mi lẹ́yìn tí o bá ti yọ fíùsì, kí n rí i kí o tó sanwó. Kí o sì bá mi béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ bóyá ó ti ń wo súwíìṣì onídẹ pẹ̀lú, torí ọ̀ràn earth kan náà ló kan ìyẹn. Kí àwọn ọmọ fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní