Tí owó ìwádìí bá tán, ta ni yóò tọ́jú irúgbìn?

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti àwọn aláṣẹ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ létí.

Ní 2011, àwọn olùkọ́ yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn onímọ̀ láti Kánádà ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa: úgú, ìgbágbá, tẹ̀tẹ̀. Ìjọba Kánádà ló gbé owó kalẹ̀. Nígbà tó di 2015, wọ́n fa àwọn ará Benin mọ́ra, wọ́n sì tẹra mọ́ bí ajílẹ̀ díẹ̀ ṣe lè tó ẹ̀fọ́. Dípò ká máa fọ́n ajílẹ̀ káàkiri kí òjò wá gbá a lọ, ìwọ̀nba la ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò, a ó sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Obìnrin tí kò lówó odindi àpò á ra díẹ̀, ẹ̀fọ́ rẹ̀ á sì dára. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, mo kí wọn.

Àmọ́ owó ìwádìí ní ọjọ́ tó ń tán, irúgbìn ló sì ń kọ́kọ́ dun àgbẹ̀. Ìgbágbá tí a bá fẹ́ gba irúgbìn lára rẹ̀, a kì í já ewé rẹ̀ tán. A ó dúró kí èso rẹ̀ pọ́n dáadáa, a ó fọ̀ ọ́ lómi, a ó sá irúgbìn rẹ̀ síbi tí oòrùn kò ti mú jù. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ilẹ̀ ọ̀hún kò mú kọ́bọ̀ wọlé. Ìyá tó ń wá owó ilé-ìwé ọmọ kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ló bá di ọjà, níbi tí irúgbìn èṣí àti tọdún yìí ti dàpọ̀, tí èyí tí kò hù sì máa ń pọ̀.

Tí yunifásítì àti àwọn onímọ̀ láti òkè òkun bá tún fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ìwádìí, ẹ pe àwa àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Odò-Ògbè síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kí ó wà nínú ìwé náà pé àgbẹ̀ kan tàbí méjì ní abúlé kọ̀ọ̀kan yóò máa gbin irúgbìn tà, pé owó ìwádìí ni wọn yóò fi sanwó ilẹ̀ tó yà sọ́tọ̀ fún un, àti pé ìjọba ìpínlẹ̀ ni yóò máa san án nìṣó lẹ́yìn tí àlejò bá lọ. Kò tíì kọjá agbára wọn. Yunifásítì yìí kan náà ló wọ abúlé Ìṣọya lọ ní 1969 láti bá àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣiṣẹ́.

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ tó dé, kí ẹni tọ́rọ̀ kàn sọ ibi tí a ti lè ra irúgbìn ìgbágbá tó dájú fún wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀